Bíárìnì Kì Í Déédéé Kú

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tú ọ̀rá dúdú kan sórí bẹ́ǹṣì mi. Bíárìnì kíráńkì ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn dà lu ara wọn bí èèpo ẹ̀pà. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Ṣé sítáńdáàdì ni kí n lọ rà l'Ararọ̀mí àbí tuẹ́ńtì?” Mo mú ọ̀kan, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, mo bi í pé síléńdà wo lèyí ti jáde. Kò mọ̀. Mo ní ṣé ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀. Kò mọ̀. Mo ní kíráńkì ńkọ́, ṣé ó ti wọ̀n ọ́n. Ó ní òun ti fi ọwọ́ pa á, ó ń dán. Mo rí méjì nínú bíárìnì yẹn tí ara wọn ò jọ ti ìyókù, àmọ́ mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kó jókòó.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Èékánná rẹ̀ kún fún gíríìsì, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé láti àárọ̀ ló ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ẹlẹ́rìí lọ kó tó mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀. Ohun tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bá ìwọ náà sọ, ọmọ mi, ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pátákó rẹ síta. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnì, láti ayé ọkọ̀ Ìjàpá àti Píjò 504 títí di ayé Kámúrì. Bíárìnì kì í déédéé kú. Ohun kan ló ń pa á. Bí o bá sin òkú tí o kò wá apani, apani yẹn á tún pa èyí tuntun tó o fi owó oníbàárà rà.

Kì í ṣe bíárìnì oníkòró irin róbótó-róbótó bíi ti wíìlì là ń wí. Pẹlẹbẹ ni tiwa, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ bí ààbọ̀ òrùka. Méjì á pàdé, wọn á gbá kíráńkì mú. Èyí tó gbé kíráńkì jókòó sínú bílọ́ọ̀kù là ń pè ní mẹ́ìn, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ kọ́ńróòdù là ń pè ní kọ́ńróòdù bíárìnì. Ẹ́ńjìnì onísíléńdà mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lóde lónìí máa ń ní mẹ́ìn márùn-ún àti ti kọ́ńróòdù mẹ́rin. Irin líle ni ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó kọ sí kíráńkì rọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Isaac Babbitt, ló po irú irin rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1839, tánńganran ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú bàbà àti áńtímónì díẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó rọ̀ ni, kó lè gba ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ mọ́ra, kó sì jẹ́ pé òun ni yóò jẹ, kí kíráńkì tó gbówó lórí má baà jẹ.

Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kíráńkì àti bíárìnì kì í fara kanra. Bí kíráńkì ṣe ń yí ló ń wọ́ ọ́ìlì sábẹ́ ara rẹ̀, ọ́ìlì náà á sì gbé e léfòó bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Àyè tí ọ́ìlì ń gbà kọjá níbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kékeré, kì í ju nǹkan bíi 0.02 sí 0.06 mìlímítà lọ. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo lè má wọ ibẹ̀. Bí àyè yẹn bá wá fẹ̀, ọ́ìlì á máa sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní lágbára láti gbé kíráńkì mọ́, irin á kan irin. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀kì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fi etí ṣiṣẹ́ kí o tó fi sípánà ṣiṣẹ́. Ìlù ń dún nínú ẹ́ńjìnì, kálukú ló sì ní ohùn tirẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì ni gúdúgúdú: ohùn rẹ̀ tínrín, òkè ni wàá ti máa gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń dún bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́ńróòdù bíárìnì tó ti jẹ máa ń dún kọ́-kọ́-kọ́, gbígbẹ, bí ẹni fi òòlù kan ilẹ̀kùn irin; wàá gbọ́ ọ jù nígbà tó o bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà epo díẹ̀ tó o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mẹ́ìn ni kẹríkẹrì. Ìsàlẹ̀ ló ti ń dún, gbì, gbì, ó sì máa ń wúwo sí i bí ọkọ̀ bá kún tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ lè gbọ́ ọ kí etí rẹ tó gbọ́ ọ. Písítìnì tó ń gbá ara síléńdà máa ń pariwo láàárọ̀ kùtù, bí ẹ́ńjìnì bá gbóná á rọlẹ̀. Ti bíárìnì kì í rí bẹ́ẹ̀: bí ọ́ìlì bá ti gbóná tó sì ṣàn, ariwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni.

Tí o bá fura sí kọ́ńróòdù, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fi ẹnu súkúrúdíráfà gígùn kan ti bílọ́ọ̀kù, kí o fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀bá etí rẹ. Ká apá ẹ̀wù rẹ, kí bẹ́líìtì má baà fà á. Lẹ́yìn náà, máa yọ wáyà nọ́súlù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó o bá yọ ti ẹ̀kẹta tí ariwo rọlẹ̀, tàbí tó yí ohùn padà, kọ́ńróòdù kẹta ni kí o mú, torí iná tó ń tì í wálẹ̀ ti kú. Nọ́súlù ni mo sọ o, mi ò sọ kọ́ìlì. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì lo yọ, epo tí kò jó á máa ṣàn lọ sínú kátálíìsì, á bà á jẹ́, oníbàárà á wá gbé gbèsè méjì. Ti mẹ́ìn kì í sábà rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó o bá pa síléńdà kan ṣoṣo.

Iná ọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe géèjì. Agbára ọ́ìlì á ti lọ sílẹ̀ pátápátá kí swíìṣì rẹ̀ tó tan iná, nígbà tó bá sì tàn, nǹkan ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ojú awakọ̀ rí. Yọ swíìṣì yẹn, de géèjì gidi mọ́ ojú ihò rẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa kí o tó kà á. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé kí n máa wá nǹkan bíi 10 psi fún ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, òun sì ni kí o tẹ̀ lé bó o bá ní in, ṣùgbọ́n òfin ọ̀gá mi kò tíì ṣì mí lọ́nà jìnnà. Bí géèjì bá ga nígbà tó tutù, tó wá já wálẹ̀ nígbà tó gbóná, àyè ti fẹ̀ níbì kan, tàbí kó jẹ́ pọ́ńpù ọ́ìlì ló ti rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí l'Ararọ̀mí ní Géètì kò lè kọ ohùn kankan sí ọ létí, torí kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀, kò sì sí bátìrì. Ojú lo máa fi rà á. Ṣí ìdérí ọ́ìlì, wo abẹ́ rẹ̀. Fi sípánà yí púlì kíráńkì ní ìyípo méjì gbáko, kí o mọ̀ bóyá ibì kan wà tó ti le. Bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí o sọ sọ́ọ̀mpù kalẹ̀. Bóòtù kéékèèké lásán ló dì í mú. Bó bá kọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o kọjá sí ìsọ̀ kejì. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn kan tún wà tó máa ń da ọ́ìlì tó ki bí oyin sínú ẹ́ńjìnì tó ti nọ́ọ̀kì, kí ariwo rẹ̀ lè parọ́rọ́ títí owó á fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é láé. Mo ti rí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde: kọ́ńróòdù já, ó lu bílọ́ọ̀kù yọ síta, ọ́ìlì gbígbóná dà sórí ẹ̀gísọ́ọ̀sì, iná sọ. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n yè é, ẹ̀rù ọjọ́ náà sì wà lára mi di òní.

Bó o bá ti pinnu láti tú u, fa ọ́ìlì rẹ̀ sínú báàfù funfun. Má jẹ́ kó dà sílẹ̀. Gbé e sínú oòrùn, kí o fi igi rò ó pẹ̀lẹ́. Bó o bá rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà nínú rẹ̀, fi mágínẹ́ẹ̀tì sí i. Ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé, irin líle ni, ó lè jẹ́ ti ríǹgì, ti kámù, tàbí ti kíráńkì fúnra rẹ̀. Ohun tí kò gbé ni kí o tẹjú mọ́. Bó bá pupa bíi bàbà, bíárìnì ti jẹ dé àárín. Bó bá funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú bíárìnì lè ni, ó sì lè jẹ́ písítìnì. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ilẹ̀ Japan ló ń lo bíárìnì alumíníọ̀mù tí kò ní ìpele bàbà, nítorí náà má ṣe sọ pé o kò rí pupa, pé ẹ́ńjìnì ṣì dára. Fílítà náà, má fi ayùn gé e, torí èérún ayùn á dà mọ́ ohun tí ò ń wá. Fi ṣísẹ́lì ṣí i létí bí ìgbà téèyàn ń ṣí agolo mílíìkì, fún bébà inú rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Wàyí o, ibi tí ọmọ ọlọ́ràá yẹn ti ṣìnà nìyí. Kí o tó yọ bíárìnì kan ṣoṣo, wá páálí ńlá kan. Fi bírò fa ìlà sí i, kọ nọ́ńbà 1 dé 5 fún mẹ́ìn, 1 dé 4 fún kọ́ńróòdù, kí o kọ òkè àti ìsàlẹ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń jáde ni kó máa lọ sí ojú ilé rẹ̀. Má tíì fọ̀ ọ́. Wo ojú rẹ̀, wo ẹ̀yìn rẹ̀, gbọ́ òórùn ọ́ìlì tó wà lára rẹ̀ pàápàá. Wo nọ́ńbà tó wà lára káàpù àti ọfà tó kọ sí iwájú. Bí kò bá sí, fi pọ́ńṣì lu tìrẹ sí i. Ilé iṣẹ́ ti kọ́kọ́ de káàpù mọ́ bílọ́ọ̀kù kí wọ́n tó lu ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí káàpù kejì kò fi lè rọ́pò ẹ̀kẹta, tí kò sì lè kọ ẹ̀yìn sí iwájú.

Nígbà tí gbogbo wọn bá ti wà lórí páálí, fà sẹ́yìn díẹ̀, kí o wò wọ́n pa pọ̀. Bíárìnì tó dàgbà tí kò sí ohun tó pa á máa ń ṣú díẹ̀ ní àárín, kò ní ọgbẹ́. Ti òkè kọ́ńróòdù ló máa ń jẹ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí iná inú síléńdà ń tì í wálẹ̀. Ní ti mẹ́ìn, ìsàlẹ̀ ló ń gba ìwúwo. Bó o bá rí òdìkejì ìyẹn, bi ara rẹ léèrè.

Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá yí ojú rẹ̀ po bí ilà gọ̀ǹbọ́, ìdọ̀tí ló gba ibẹ̀ kọjá: yanrìn, èérún irin, tàbí fílítà tí wọn ò pààrọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá yọ́, tó dà bíi pé wọ́n fi ọwọ́ nu bọ́tà, tí kíráńkì sì ti yí sí àwọ̀ aró, kò rí ọ́ìlì mu ni. Ní ibí yìí, má ṣe sáré. Bó bá jẹ́ gbogbo wọn ló yọ́, wá ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́ńpù, asẹ́ inú sọ́ọ̀mpù, tàbí awakọ̀ tó gbàgbé láti wo ọ́ìlì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ẹni yẹn ló dí. Inú mẹ́ìn ni ọ́ìlì ti ń gba ihò inú kíráńkì lọ bá kọ́ńróòdù; bí mẹ́ìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá dára tí kọ́ńróòdù sì jóná, inú ihò yẹn ni kí o ki wáyà bọ̀.

Bí ara rẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà, tó sì dúdú, omi tàbí ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù ló jẹ ẹ́; lọ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù síléńdà. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta pẹ̀lú. Bí ibì kan bá ń dán yàtọ̀ lẹ́yìn, ìdọ̀tí ló wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹni àná dè é, tàbí kó ti máa yí nínú ilé rẹ̀. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ lókè lódò, ojú kíráńkì ti dà bí ẹnu fúnẹ́ẹ̀lì. Bí ti òkè bá jẹ létí ọ̀tún, tí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ létí òsì, kọ́ńróòdù ti tẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìgbà tí èmi náà kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní 1994, Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé Bluebird rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Kábúkabú ló fi ń ṣe, òun ló sì ń bọ́ ilé rẹ̀. Kọ́ńróòdù kejì àti ẹ̀kẹta ti nọ́ọ̀kì. Mo tú u, mo gbé kíráńkì lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, mo ra bíárìnì tuntun, mo dè é, ó dún mùkẹ́mùkẹ́, Bàbá Tíṣà gbàdúrà fún mi títí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fi okùn fà á padà wá. Kọ́ńróòdù méjì kan náà.

Bàbá yẹn kò pariwo. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó pa á lákọ̀ọ́kọ́?” Mi ò ní èsì. Mo tún sọ sọ́ọ̀mpù kalẹ̀, mo yọ asẹ́ ọ́ìlì, mo gbé e kọjú sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ kò kọjá. Gọ́ọ̀mù tí ẹnì kan ti fi lẹ sọ́ọ̀mpù ṣáájú mi, tó ti pọ̀ jù, ló ti já wẹ́wẹ́, tó lọ lẹ̀ mọ́ asẹ́ náà bí ẹ̀kọ inú kọ̀nkọ̀sọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tú ẹ́ńjìnì yẹn, mo ti mú asẹ́ yẹn lọ́wọ́, mo fi kẹrosíìnì ṣàn án lórí, mo dá a padà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àpò mi ni mo fi tún un ṣe, mo sì fún Bàbá ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kò fi ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí gọ́ọ̀mù bá wà lọ́wọ́ mi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà ni mò ń fà.

Ìwọ̀n ló kàn. Ìka ọwọ́ kò lè wọn kíráńkì, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ mọṣẹ́ tó. Ra máíkírómítà, bí owó rẹ kò tíì tó o, ẹ dá a rà ní ẹgbẹ́. Wọn ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin: láti òkè sí ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ní etí méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá ti ń lọ sí 0.025 mìlímítà, ojú yẹn kò yípo mọ́, lílọ̀ ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, fi bíárìnì tó o fẹ́ lò sí i ní gbígbẹ, gé Plastigauge, okùn rọ́bà tín-ín-rín yẹn, tẹ́ ẹ sórí kíráńkì, de káàpù ní ìwọ̀n tọ́ọ̀kù tí ìwé sọ, tú u, kí o fi bébà tó bá a wá wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Bó bá fẹ̀ gan-an, àyè kéré. Bó bá ṣì tínrín, àyè ti pọ̀ jù. Má yí kíráńkì nígbà tó wà níbẹ̀ o, wàá ba ìwọ̀n jẹ́.

Tuẹ́ńtì tí à ń pè yìí, ìdá 20 nínú 1,000 ti ínṣì kan ni, nǹkan bíi 0.50 mìlímítà tí wọ́n ti lọ̀ kúrò lára kíráńkì. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Toyota, wọ́n tẹ nọ́ńbà sára bílọ́ọ̀kù àti sára kíráńkì. Wọ́n á ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó mọ mẹ́ìn tó bá a mu. Sítáńdáàdì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Má fi sáńpépà nu kíráńkì tó ti ní ọgbẹ́, kí o wá sọ pé ó ti dán. Má ki bébà sìgá sẹ́yìn bíárìnì kí àyè lè dín. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé ó máa ń dákẹ́ fún oṣù kan. Bébà yẹn kì í jẹ́ kí ooru kọjá lọ sínú irin, ó sì ń rún.

Bí wọ́n bá lọ kíráńkì tán, ìwọ fúnra rẹ lọ gbà á, kí o wo igun tí ojú rẹ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí igun yẹn ṣe róbótó díẹ̀. Bó bá mú bí ojú ọ̀bẹ, ibẹ̀ ni kíráńkì yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Wo ẹnu ihò ọ́ìlì, kí etí rẹ̀ má mú. Lẹ́yìn náà kí o ki wáyà àti aṣọ sínú gbogbo ihò inú rẹ̀, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí o tún un ṣe. Èérún òkúta tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ṣì wà nínú ihò yẹn, bíárìnì tuntun ló sì ń dúró dè.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wo ìrìn kíráńkì síwá-sẹ́yìn. Nínú Ìjàpá, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi ń ṣe kó tó bá oníbàárà sọ̀rọ̀ owó ni kó di púlì mú, kó fà á, kó tì í. Ìrìn tó dára níbẹ̀ wà láàárín 0.07 sí 0.13 mìlímítà, tó bá ti kọjá 0.15, Ìjàpá yẹn ti ń lọ sílé ìwòsàn. Nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ìwọ máa wo púlì. Bó bá rìn tí ojú rẹ rí i, wáṣà tó ń ká kíráńkì lọ́wọ́ kò ti jẹ. Nígbà tó o bá ń fi tuntun sí i, ojú tó ní kòtò ọ́ìlì ni kó kọ sí kíráńkì.

Ní dídè, fọ ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yìn bíárìnì kí ó gbẹ, ojú rẹ̀ kí ó rin fún ọ́ìlì. Èyí tó ní ihò ọ́ìlì, ojú ihò bílọ́ọ̀kù ni kó bá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi èyí tí kò ní ihò síbẹ̀, tí ẹ́ńjìnì kò sì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí o bá de káàpù kan tán, fi ọwọ́ yí kíráńkì. Bó bá le, dúró, má de èkejì. Ẹni tó o dè gbẹ̀yìn ló mọ ìdí. Bóòtù kọ́ńróòdù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dì í: wọ́n á fún un ní tọ́ọ̀kù, wọ́n á tún yí i ní ìwọ̀n igun kan, dìgírì 90 nínú ọ̀pọ̀. Irú èyí, wọn gígùn rẹ̀, tàbí kí o ra tuntun. Kí o tó tan án nígbà àkọ́kọ́, kún fílítà fún ọ́ìlì, pa nọ́súlù, fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ìgbà yẹn ni kí o tó fún un ní epo.

Ọmọ ọlọ́ràá yẹn gbọ́ mi títí, ó ń kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, mo mú bíárìnì méjì tí mo ti fojú sí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ní kó pa wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe máa wà lẹ́sẹ̀ kọ́ńróòdù. Ọ̀kan jẹ létí ọ̀tún, èkejì jẹ létí òsì. Ó wò ó, ó tún un wò. Mo ní, “Pe ẹni tó ni ọkọ̀. Bi í bóyá ó wọ omi.”

Ó pè é lójú mi. Oníbàárà náà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ní òjò ọdún tó kọjá, àgbàrá mu ọkọ̀ náà dé bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Lẹ́kí, ó kú sínú omi, wọ́n sì fi sítátà yí i títí kó tó jí. Omi kì í tẹ̀ nínú síléńdà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀, kọ́ńróòdù ló tẹ̀ fún un. Ọmọ náà kó bíárìnì rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó béèrè bóyá mo lè yá òun ní máíkírómítà di ọjọ́ Ajé. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ gbé kọ́ńróòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, ká tẹ́ wọn sórí gíláàsì, ká wo èyí tí kò dùbúlẹ̀ dáadáa.